Máàpù Ẹ̀yìn Káàdì

Ilé Oyèlọlá,
Ẹ̀yìn Gáréèjì, Òrè.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ọláníran ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àjò. Mo kí ọ kú òjò tàbí kú ẹ̀ẹ̀rùn, èyíkéyìí tó bá wà lọ́dọ̀ yín, torí o kì í sọ fún wa. Ara mi le. Àwọn tí mo fi ọdún ju lọ ti ń fi ọ̀pá rìn ní Òrè níbí, èmi ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sí oko ní Omifúnfún, mo sì ń dá sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó dì mí mú.

Kí o tó bèèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù: ọ̀rọ̀ fóònù kì í dúró. Ìwé ni mo fi jàre gbogbo ẹni tó bá mi du ilẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi ẹrù gbígbé sílẹ̀ ní gáréèjì. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, kò sì sí lọ́yà tó tíì sọ pé ohun tí mo kọ kò yé òun. Nítorí náà, èmi á máa kọ, Nàfísàt tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìkóríta á máa ya á ní fọ́tò, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà kọ tìrẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Má sì kọ ọ́ ní kúkúrú bíi tọjọ́sí. Odidi bébà funfun, ìlà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ojú tì mí níwájú ọmọ yẹn.

A ti mú ọjọ́. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni a ó gba ìyàwó rẹ wọlé. A ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi bí a ṣe ń ṣe é, pásítọ̀ á gbàdúrà, Òrè á sì jẹun. Mo ti sọ fún wọn pé láti Ṣáínà ló ti ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ táyà. Ìwọ ní ó ń ta táyà ni. N kò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Akínṣọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ni yóò dúró fún ẹbí ìyá rẹ. Motún ìyá rẹ ní bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá sí níbẹ̀, òun kò ní jókòó. Mo ní ta ló sọ pé kò ní sí níbẹ̀? Kò sí ìjà láàárín èmi àti àna mi, àfi ti ilẹ̀ etí odò yẹn tó wà láàárín oko mi àti oko rẹ̀ ní Omifúnfún, tó ń pè ní tirẹ̀. Tèmi ni.

Bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bóyá ó ń jẹ ata. Fi tọ́ọ̀ṣì tó lágbára ránṣẹ́. Èyí tó o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, ìyá rẹ ní tòun ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébóyè Oyèlọlá, tó ti orí ẹrù gbígbé kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.


Hanoi, Fiẹtinámù.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Mo kí ìyá mi. Òjò ló ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe dáadáa. Lin kí yín, ó sì ń jẹ ata jù mí lọ.

Bàbá, wàhálà kan dé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ṣáínà ni Lin, àti pé iṣẹ́ ògbifọ̀ ló wá ṣe ní ilé iṣẹ́ bàtà kan ní Fiẹtinámù níbí. Wọ́n tẹ máàpù ilẹ̀ Ṣáínà sára ewé páásípọ́ọ̀tù wọn. Nínú máàpù náà, wọ́n fa ìlà gélégélé tó ń já lọ́nà yí òkun kan ká, pé tàwọn ni. Àwọn ará Fiẹtinámù ní àwọn ló ni apá kan nínú òkun náà. Wọ́n ní bí àwọn bá lu òǹtẹ̀ sórí ewé tí máàpù yẹn wà, ṣe ló dà bíi pé àwọn ti fọwọ́ sí i. Nítorí náà, wọn kì í lu òǹtẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tù yẹn rárá. Bébà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ físà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí, wọ́n á wá kì í bọ àárín ìwé náà.

Bébà Lin ti sọnù. Orí ọ̀kadà la wà, atẹ́gùn gbé e. A padà lọ wá a títí, a ò rí i. Ní báyìí, kò sí ohun tó fi hàn pé ojú ọ̀nà tó tọ́ ló gbà wọ ìlú yìí, wọn kò sì lè jẹ́ kó jáde àfi bí wọ́n bá ṣèwádìí kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì físà kò pariwo mọ́ wa. Ó kàn ń sọ pé, "Bébà yín dà?" Lin ní, "Èmi nìyí." Ó ní òun rí i, bébà dà?

Bàbá, ṣé a lè sún ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn ọdún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ táyà mọ́. Ẹnìkan láti Òrè ti kọ̀wé sí mi pé kí bàbá Lin fi òun ṣe aṣojú.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Òrè.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ọláníran,

Ìwé rẹ dé. Nàfísàt kà á fún mi, mo tún fúnra mi kà á. Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ìwọ lo mú un le. Àwọn àna wa ń bá aládùúgbò wọn du ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì wà lábẹ́ omi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti bi mí léèrè ni wọ́n dé yẹn.

Bi bàbá ọmọbìnrin náà pé ibo ni pèrègún wà. Ibi tí a bá gbin pèrègún sí, a jẹ́ pé ẹni méjì ti fẹnu kò níbẹ̀ rí, torí ẹnìkan kì í dá a gbìn. Ẹni yìí á di igi mú, ẹni kejì á ko yẹ̀pẹ̀ sí i. Bí ó bá ní omi ni, kí ó wá wo àwọn Ìlàjẹ tó wà nísàlẹ̀ wa. Wọ́n ń ri òpó mọ́ inú omi, oníkálukú sì mọ ibi tí àwọ̀n rẹ̀ dé. Tún bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja, ó dára. Bó bá jẹ́ irú ọ̀dà títì tó wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu ni, kí ó má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí sẹ́yìn ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀dà Agbabu máa sọ gbogbo wa dolówó. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ṣì ń gbìn lé e lórí.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, ti máàpù inú páásípọ́ọ̀tù yẹn wọ̀ mí lára. Ọgbọ́n gidi ni. Èèyàn ya ilẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ó kó ìwé náà fún àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń gbé e káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n lálejò, máàpù ilẹ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ta ló kọ́ wọn? Irú ọpọlọ tèmi náà nìyẹn, kíláàsì mẹ́ta ni kò kàn jẹ́ kí n tètè ronú kàn án.

Nítorí náà mo ti ṣe káàdì. Gbogbo àwọn àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ mi ní Omifúnfún, mo ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn. Fọ́tò wọn wà níwájú, orúkọ mi wà lókè fọ́tò, máàpù ilẹ̀ mi wà lẹ́yìn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi bírò yà á. Nàfísàt fi àwọ̀ ewé kùn ún, ó sì fi rọ́bà bò ó. Etí odò wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àmúsà ni mo kọ́kọ́ fún. O mọ Àmúsà, ará òkè tó ti ń dáko kòkó lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó bí ọ. Ó wò ó, ó yí i padà, ó ní, "Bàbá, mo wú níhìn-ín." Mo ní ojú rẹ̀ ni kó má wò, ẹ̀yìn ni kó wò.

N kò sún ọjọ́ kankan. Mo ti yan màlúù. Màlúù náà ti mọ̀ mí.

Bàbá rẹ tí kò pàdánù ẹjọ́ rí,
Adébóyè Oyèlọlá.


Hanoi.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Mo rí ìwé yín gbà, mo kà á fún Lin. Ó bèèrè bóyá àwàdà ni. Mo ní bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dápàárá.

Bàbá, Lin kò rí òkun yẹn rí. Ìlú tí wọ́n ti bí i jìnnà sí omi bí Òrè ṣe jìnnà sí Kánò. Kò sí ẹni tó bi í kí wọ́n tó ya á sínú ìwé rẹ̀, bàbá rẹ̀ tó ń ta táyà kò sì bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì yẹn! Ó ní kì í ṣe ìjà wọn ló ń dun òun, pé ohun tó ń dun òun ni pé ìwé òun wà lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ bébà tó ń já bọ́ ni wọ́n fẹ́ mọ òun mọ́.

Wọ́n ti ní àwọn máa fún un ní òmíràn. Bí ó bá gbà á, ó máa padà sílé wọn kó tó gba físà Nàìjíríà níbẹ̀, kó wá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Iléèwé mi kò ní jẹ́ kí n kúrò títí di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Òun ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gba káàdì yẹn padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Akínṣọlá, ti pè mí. Ohùn wọn kò dùn.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Òrè.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọláníran,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó. Sọ fún un pé àwàdà kọ́.

Káàdì mi ń ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí mo kàn gbọ́ ni pé Akínṣọlá ti gbé ọ̀pá oparun dábùú ọ̀nà oko. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo wa ń gbà gbé kòkó jáde sí títì, ó sì gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ó fi Samson ọmọ rẹ̀ sídìí ọ̀pá náà lórí àga. Bí ẹni tó ń dáko lọ́dọ̀ mi bá dé, tó bá mú káàdì jáde, Samson á ní, "A kì í gba èyí. Ilẹ̀ wa wà lẹ́yìn rẹ̀." Yóò wá ya ewé láti inú ìwé ajákọ, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá kọjá pẹ̀lú àpò kòkó, á fi píìnì kan án mọ́ káàdì náà, á sì gbé ọ̀pá sókè. O ò rí nǹkan! N kò sọ ìtàn òkun yín fún Akínṣọlá. Òun náà fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án. Mo gbà fún un pé ó lọ́pọlọ.

Àmúsà wá bá mi. Ó ní ewé ti pọ̀ lápò òun, píìnì ti gún òun níkùn, àti pé bí òjò bá pa ewé kan, Samson á ní kí òun padà lọ síbi tí òun ti ń bọ̀. Ó ní, "Bàbá, kòkó ni mo gbé, n ò gbé ilẹ̀." Mo ní kó ní sùúrù, pé bí ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Akínṣọlá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Adé, yọ ilẹ̀ mi kúrò lẹ́yìn káàdì rẹ."

Mo ní, "Káàdì mi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà, tèmi ni."

Ó ní, "Títí o ó fi yọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé rẹ. Wá ẹlòmíràn tó máa dúró fún ẹbí ìyá Níran."

Mo ní, "Ìwọ ló máa wá bẹ̀ mí fún àga."

Àwọn èèyàn gbọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa.

Ìyá rẹ ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun lọ sinmi. Ó kó àwọn ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, ó kó ìgbálẹ̀ lọ, ó mú tọ́ọ̀ṣì. Mo wà láàyè. Mo ń ra oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń se é fún awakọ̀. Ó ń dùn.

Bàbá rẹ,
Adébóyè Oyèlọlá.


Hanoi.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kò bá yín jà, pé àwọn kàn kò ní jókòó níbi tí wọn kò ti ka ẹ̀gbọ́n àwọn sí. Wọ́n ní, "Níran, tí mo bá jókòó lọ́jọ́ yẹn láìsí Bùọ̀dá mi, ta ni mo jẹ́?"

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ìyá mi kò bá jókòó, mi ò ní mú ìyàwó wọlé. Mi ò lè mú ọmọ ọlọ́mọ wá láti ọ̀nà jíjìn kó wá rí i pé ìyá ọkọ òun wà nílé kejì, kó máa rò pé torí òun ni. Ẹ̀yin ni bàbá mi. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ara mi rí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Lin ti gba bébà tuntun. Ó ti dé ilé wọn.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Hanoi.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kò fèsì. Mo bi Nàfísàt, ó ní ẹ gba ìwé mi, ẹ kà á, ẹ ká a, ẹ fi sápò, ẹ sì lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, ọ̀nà òdìkejì ni ẹ ń gbà.

Lin ti rí físà gbà. Ọjọ́ Kọkànlélógún oṣù yìí ni yóò balẹ̀ sí Èkó. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lè lọ, ẹ sọ fún mi kí n wá ọkọ̀ fún un. Èyí nìkan ni mo ń bèèrè.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Òrè.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọláníran,

Ta lo fẹ́ wá ọkọ̀ fún? Kí ìyàwó ilé mi wá máa wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn wọ Òrè? Èmi fúnra mi ni mo ń lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tó o kọ, mo rí wọn.

A. Oyèlọlá.


Òrè.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọláníran ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìmúra ìrìn àjò. Ìyàwó rẹ ti sọ fún ọ lórí fóònù pé òun dé láyọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù nìyẹn. Èyí ni bó ṣe rí gan-an.

Mo gbé e láti Èkó. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá." Ìrọ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì inú gáréèjì ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ ọ ju tìrẹ lọ. Ní ọ̀nà, ó sùn. Nígbà tó jí, ó bi mí pé ìyá ńkọ́. Mo ní ìyá wà ní Omifúnfún, ó ń sinmi. Ó ní ṣé ara ìyá kò yá ni? Mo ní ara rẹ̀ yá. Ó wò mí.

Mo fún un ní orúkọ, Ọmọ́wùmí. Mo tún fún un ní káàdì. Mo ti fi fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ ṣe é sílẹ̀, Nàfísàt sì fi góòlù yí etí rẹ̀ po, torí ará ilé ni, kì í ṣe àlejò tó ń dáko. Ó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó wo iwájú. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn pẹ́ díẹ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣé." Mo rò pé ó wú u lórí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá. Mo ní kí Àmúsà sìn ín lọ, ó gbé iṣu dání. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, Àmúsà ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó sáré padà wá pè mí.

Wọ́n dé ibi ọ̀pá oparun. Samson dìde fún un, ó kí i dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ fún un pàápàá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Káàdì dà?" Ó mú un jáde. Samson yí i padà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, a kì í gba èyí. Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà, a máa kọ tiyín sí bébà ọ̀tọ̀." Ó ya ewé láti inú ìwé ajákọ, ó kọ ọ́, ó fi píìnì kan án mọ́ ọn, ó nà án sí i.

Àmúsà ní ọmọbìnrin náà wo píìnì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó sórí àpò kòkó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Samson náà ń bá a rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń rín. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé ẹkún ni. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè fún un, ó ní òun kò lọ. Wọ́n ní kó padà sílé, ó ní òun kò padà. Ó ní òun kò ní gbé bébà tó ń já bọ́ mọ́ láyé òun.

Mo gun ọ̀kadà dé ibẹ̀. Akínṣọlá ti ti ọ̀nà ilé tirẹ̀ dé, ìyá rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà wà láàárín wa lórí àpò.

Mo ní, "Kí lẹ ṣe fún ìyàwó mi?"

Akínṣọlá ní, "Ìyàwó ta ni? Kí ni ìwọ gbé lé e lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ ló dá a dúró."

Ó ní, "Káàdì rẹ ló dá a dúró!"

Ọmọbìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde, ó ṣí i síbi tí máàpù yẹn wà, ó gbé e lé orí itan kan. Ó gbé káàdì mi lé orí itan kejì, pẹ̀lú bébà àti píìnì rẹ̀. Ó fi ìka kan òkun yẹn, ó ní, "Mi ò dé ibí rí." Ó fi ìka kan etí odò, ó ní, "Mi ò dé ibí rí." Ó wo èmi, ó wo Akínṣọlá. Ó ní, "Ìyá ni mo wá kí."

Mo wo máàpù òkun náà. Ìlà gélégélé ni lóòótọ́. Tèmi dúdú jù ú lọ.

Ìyá rẹ ni kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ. Ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ orí ba kọjá lábẹ́ oparun, ó fa ọmọbìnrin náà dìde. Ó ní, "Ẹ wo àgbà méjì. Ẹ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrù bọ́dà." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Ó ní, "Ṣé ebi ń pa ọ́?" Ní Yorùbá ló sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Wọ́n jọ kọjá lábẹ́ ọ̀pá padà, wọ́n sì lọ.

Èmi àti Akínṣọlá wà níbẹ̀. Samson di ọ̀pá mú, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé e sókè tàbí kí òun jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Akínṣọlá ní, "Adé, ẹ̀bà ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ọbẹ̀ wo?"

Ó ní, "Ẹja tútù."

Mo tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ ìyá rẹ ni, Ọláníran. Àwọn tó ń se oúnjẹ awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn láìdáa.

Ní ọjọ́ kejì, a jọ rin ààlà náà, èmi àti òun, láti ibi odò títí dé ìdí igi obì. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń fẹnu rìn ín. A rí àwọn pèrègún kan tó ṣì dúró. Iná ti jó àwọn kan. Ibi tí wọ́n wà, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí kò sí ẹni tó bi mí. Níbi tí a ti fẹnu kò, mo di igi mú, ó ko yẹ̀pẹ̀ sí i. Ibi tí a kò ti lè fẹnu kò, a fi sílẹ̀ fún Àmúsà kó máa ro ó lọ. Àmúsà bèèrè pé ta ni òun á máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ ibẹ̀ fún. Àwa méjèèjì ní kó kúrò lọ́dọ̀ wa.

Mo ti gba àwọn káàdì náà padà. Má rò pé ẹnikẹ́ni ló ní kí n gbà wọ́n. Rọ́bà tí Nàfísàt fi bò wọ́n kì í gba oòrùn, ó ń ká, mo sì jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ká pẹ̀lú orúkọ òun lórí rẹ̀. Oparun náà ti kúrò lọ́nà. Akínṣọlá ní ikán ló jẹ ẹ́. N kò jiyàn.

Akínṣọlá máa wá ní Sátidé ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ti ránṣẹ́ bèèrè bí fìlà mi ṣe ga tó. Ìyá rẹ ti padà sílé láti àná, pẹ̀lú ìkòkò àti ìgbálẹ̀. Òun àti Ọmọ́wùmí wà ní ilé ìdáná báyìí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, n kò mọ èdè tí wọ́n ń sọ. Nítorí náà, máa bọ̀. Wọ aṣọ tó dáa nínú ọkọ̀ òfuurufú, torí mo ti sọ fún àwọn ará gáréèjì pé kí wọ́n wá pàdé rẹ.

Ní òwúrọ̀ yìí ni Àmúsà tún wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kòkó òun ti gbẹ, òun fẹ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n mo ti gba káàdì, Samson sì ti gba bébà. Ó ní kí ni òun á wá máa fi hàn lójú ọ̀nà báyìí.

Mo ní kó máa fi ojú rẹ̀ hàn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ,
Adébóyè Oyèlọlá.